Nígbà Tí Oòrùn Bá Mú: Ẹ Jẹ́ Kí A Tọ́jú Ara Wa àti Ajá Wa

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ará ilé! Láti oṣù Kejì títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, kíkí tí a ń kí ara wa lójú ọ̀nà nìyẹn, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pọbẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́. Bí àlejò bá wọlé tọ̀ wá, omi ni a kọ́kọ́ ń bù fún un kí a tó bi í léèrè ohun tó bá wá. Àṣà tó dára ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé, ẹnìkan wà níbẹ̀ tí a kì í kí kú ooru, tí a kì í sì í rántí bu omi fún. A ti so ó mọ́ ìdí igi láti òwúrọ̀. Nígbà tí a so ó, ibòji wà níbẹ̀. Nísinsìnyí tí oòrùn ti dé àtàrí, ibòji náà ti ṣí lọ sí ìhà kejì igi, okùn kò sì gùn tó láti dé ibẹ̀. Ajá ni à ń wí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajá nìkan ni a fẹ́ sọ lónìí. Àwọn tí ooru kọ́kọ́ ń mú nínú ilé ni àwọn tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ibòji, tí wọn kò sì lè fi ẹnu ara wọn bèèrè omi: ọmọ ọwọ́, arúgbó tí ara rẹ̀ kò le mọ́, aláìsàn tó wà lórí ẹní, àti ajá tó wà lókùn. Ilé tó bá rántí bu omi fún ajá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan kò ní gbàgbé ìyá àgbà nínú yàrá. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ gbogbo wọn pọ̀.

ÀWỌN OORU ỌDÚN 2024

Àwọn kan máa ń wí pé, "Ooru ti wà kí a tó bí wa." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024. Ní àárín oṣù Kejì ọdún náà, ooru tó lọ́rinrin púpọ̀ bo ìhà etíkun wa, láti Côte d'Ivoire títí dé Nàìjíríà. Àkókò náà ni wọ́n ń parí ìdíje bọ́ọ̀lù ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Abidjan, wọ́n sì ní láti máa dá eré dúró kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ tí ń jẹ́ World Weather Attribution ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́n ní bí ooru náà ṣe rí lára ènìyàn fi nǹkan bíi dígírì 4 ju bí ì bá ti rí lọ, bí kì í bá ṣe ti èéfín tí ọmọ aráyé ti ń tú sínú afẹ́fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, ní ìlú Kayes ní ilẹ̀ Málì, ooru dé dígírì 48.5. Ní Bamako, ilé ìwòsàn Gabriel Touré ka òkú 102 láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ oṣù náà. Ní ọdún tó ṣáájú, 130 ni wọ́n kà ní gbogbo oṣù Kẹrin. Ó ju ìdajì àwọn tó kú wọ̀nyẹn lọ tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ẹ rí i pé ooru ń pa ènìyàn, àwọn àgbà wa ló sì ń mú lọ jù.

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, kì í ṣe irú ooru kan náà ló ń bá gbogbo wa. Ní Ṣábẹ, afẹ́fẹ́ gbẹ. Ooru ọ̀sán oṣù Kẹta sábà máa ń kọjá dígírì 35, àwọn òkúta ńláńlá tó yí ìlú ká sì máa ń mú ooru náà mọ́ra di òru. Ní Àjàṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀sà, ìwọ̀n ooru kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lọ́rinrin. Síbẹ̀, ará Ṣábẹ tó bá lọ kí ìbátan rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lè máa ráhùn pé ooru ibẹ̀ le ju ti ilé lọ. Kò purọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀.

ÀMÙ, ÒÓGÙN ÀTI AHỌ́N AJÁ

Ẹ wo àmù tí ìyá àgbà gbé sí kọ̀rọ̀ ilé. Kò sí iná mànàmáná nídìí rẹ̀, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ ń tutù. Kí ló fà á? Amọ̀ ní ihò tíntìntín tí ojú wa kò lè rí. Omi ń gba ibẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀yìn àmù, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́. Bí omi ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ooru lọ, omi tó kù nínú àmù á sì tutù.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni òógùn ń ṣe lára wa. Kì í ṣe dídà tí òógùn ń dà ló ń tu ara, gbígbẹ tó ń gbẹ ni. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, òógùn á tètè gbẹ, ara á sì tutù. Ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti lọ́rinrin, òógùn á máa kán sílẹ̀ láìgbẹ, ara kò sì ní tutù. Ìdí nìyẹn tí dígírì 32 ní Àjàṣẹ́ fi lè ni ènìyàn lára ju 36 lọ ní Ṣábẹ.

Ajá ńkọ́? Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀, ìyẹn kò sì tó nǹkan. Ahọ́n rẹ̀ ni àmù tirẹ̀. Nígbà tó bá lanu, tó na ahọ́n síta, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń fi afẹ́fẹ́ gbẹ omi ẹnu àti ti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè tutù. Bí kò bá ní omi mu, kò ní ohun tí yóò fi tu ara rẹ̀, àfi bí àmù tó ti gbẹ. Ó sì tún wọ aṣọ onírun tí kò lè bọ́.

Ara ajá tó le koko máa ń gbóná tó dígírì 38 sí 39. Tiwa kò ju nǹkan bí 37 lọ. Bí ti ajá bá kọjá 41, ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Dígírì méjì péré ló wà láàárín àlàáfíà rẹ̀ àti ewu. Àwọn tó tètè ń bọ́ sínú ewu náà ni ajá tó sanra jù, ajá tó ti darúgbó, ọmọ ajá, àti àwọn ajá òyìnbó onímú pẹlẹbẹ tí àwọn ará ìlú ńlá ń rà báyìí. Ọ̀nà èémí wọn ti há láti inú oyún, wọn kò lè mí hẹlẹhẹlẹ tó bó ṣe yẹ.

KÍ A KỌ́KỌ́ TỌ́JÚ ARA WA

Ẹni tí ooru bá ti gbé ṣubú kò lè bu omi fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ kíyèsí nǹkan wọ̀nyí.

Omi mímu. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn má dúró de òùngbẹ. Àgbẹ̀ tó ń pa ebè, bíríkìlà tó wà lórí ilé, ẹni tó ń fi zémíjàn gbé èrò kiri, kí wọ́n máa mu ife omi kan ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sàn ju àmuyó lẹ́ẹ̀kan lọ. Kí a má sì mu ju lítà kan àti ààbọ̀ lọ láàárín wákàtí kan. Bí ìtọ̀ ènìyàn bá pọ́n bí omi tíì, omi ti dín lára rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti sódábì o! Ọtí líle kì í pa òùngbẹ. Ńṣe ló ń mú kí ènìyàn tọ̀ ju iye omi tó mu lọ, kì í sì í jẹ́ kó mọ̀ pé ara òun ti gbóná.

Àkókò. Láti aago 11 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí a sá fún iṣẹ́ agbára ní gbangba bí a bá lè ṣe é. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń lọ sóko ní ìdájí, tí wọ́n sì ń sinmi lábẹ́ igi ọdán lọ́sàn-án, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọgbọ́n ni. Aṣọ òwú tó ṣò, tó sì funfun, àti akẹtẹ̀ lórí, àwọn náà ń ranni lọ́wọ́.

Ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi, bí ó ti wù kí ooru mú tó. Ọmú nìkan ló yẹ ẹ́. Omi ti wà nínú ọmú náà. Kí ẹ máa fún un lọ́mú lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ìyá fúnra rẹ̀ sì máa mu omi púpọ̀. Ẹ má fi aṣọ onípọn wé e, kí ẹ má sì pọ̀n ọ́n rìn nínú oòrùn ọ̀sán bí kò bá pọn dandan.

Àwọn àgbà. Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni òùngbẹ rẹ̀ ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ṣì ń fẹ́ omi. Bí a bá bi ìyá àgbà pé, "Ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín, Mọ̀mọ́?" yóò ní rárá. Ẹ má bi wọ́n. Ẹ bu omi, ẹ fi lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ dúró títí wọn yóò fi mu ún. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń múni tọ̀, ẹ bi dókítà bí ẹ ó ti ṣe é nígbà ooru. Ẹ fi aṣọ tútù nu ara wọn, kí ẹ sì fi abẹ̀bẹ̀ tàbí fáànù fẹ́ wọn. Omi tó wà lára tí afẹ́fẹ́ ń gbẹ ni ìtura, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nípa àmù.

Ẹni tó ń gbààwẹ̀. Àwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde sábà máa ń bọ́ sí àárín ooru yìí. Òfin àwẹ̀ Ìjọ kò ka omi mímu léèwọ̀, kò sì di ẹrù náà ru aláìsàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òùngbẹ pa ara rẹ̀ nítorí àwẹ̀.

IBÒJI, OMI ÀTI OKÙN

Ó kan ajá wàyí. Ajá tí a kò so mọ́lẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Yóò gbẹ́ ilẹ̀ tútù lẹ́yìn balùwẹ̀, yóò sùn sí ìdí àmù, tàbí kó wọ abẹ́ àká lọ. Àwa tí a so ó ni a gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó di okùn mú ni yóò máa ro èrò ajá.

Ibòji kì í dúró lójú kan. Ibi tó ní ibòji ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ lè di ojú oòrùn gbalaja kí ó tó di aago kan ọ̀sán. Kí ẹ tó yan ibi tí ẹ ó so ó sí, ẹ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan: òwúrọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Bí igi ńlá kò bá sí, ẹ ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí, kí ẹ sì ṣí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Àgọ́ onípáànù tí àwọn kan ń kàn fún ajá, ààrò ni lọ́sàn-án. Ẹ má tì í mọ́bẹ̀.

Omi gbọ́dọ̀ wà níbi tí okùn rẹ̀ lè dé. Ajá tó wọn nǹkan bíi kílò 15 ń fẹ́ omi tó sún mọ́ lítà kan lójúmọ́ nígbà tí ooru kò mú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwo amọ̀ tó wúwo ló dára jù, kí a ri ìdí rẹ̀ bọ ilẹ̀ díẹ̀ kí okùn má baà gbá a dànù. Agolo onírin máa ń sọ omi di gbígbóná. Kí a máa da omi àná nù láràárọ̀, kí a fọ àwo náà, kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

Oúnjẹ. Ẹ fún un ní oúnjẹ rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù àti ní alẹ́. Bí oúnjẹ bá ṣe ń dà nínú, ara á máa gbóná sí i. Ajá tó bá sì yó bámúbámú lọ́sàn-án gangan yóò jìyà ooru ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ náà ń jó o. Àwa wọ bàtà, ajá kò wọ̀ ọ́. Ọ̀dà títì àti òkúta máa ń gbóná fíìfíì ju afẹ́fẹ́ lọ. Kí ẹ tó mú ajá jáde, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé ilẹ̀, kí ẹ sì rọra ka ení, èjì, títí dé èje. Bí ẹ kò bá lè mú un mọ́ra dé èje, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò lè gbà á.

Mọ́tò. Mọ́tò tí a tì sínú oòrùn kì í ṣe ibi tí a ń fi ohun ẹlẹ́mìí sí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ooru inú rẹ̀ lè fi nǹkan bíi dígírì 10 ju ti ìta lọ. Ṣíṣí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀ kò ràn án. Ohun tí a sọ nípa ajá yìí, ìlọ́po méjì ni fún ọmọ kékeré. "Mo fẹ́ ra búrẹ́dì nìkan ni" ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹni tí ń sunkún káàkiri ayé.

Ẹ̀YIN ỌDẸ, Ẹ GBỌ́ O

Ní ilẹ̀ Kétu àti ti Ṣábẹ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ìgbẹ́. Koríko ti gbẹ, iná ti jó oko, ẹran kò rí ibi sá pamọ́ sí. Ìgbà náà gan-an sì ni ooru ń pa ajá ọdẹ. Àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ìwé ìtọ́jú ajá tó lé ní 900,000 wò fún ọdún 2016, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Nínú àwọn ajá tí ooru mú, mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ pé eré sísá àti iṣẹ́ ló fà á. Ti mọ́tò títì kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nínú gbogbo ajá tí ooru mú, bíi ọ̀kan nínú méje ló kú. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òtútù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú oko tí iná jó ní Ṣábẹ?

Ẹ̀yin náà mọ ìwà ajá ọdẹ. Kì í sọ pé ó rẹ òun. Bí ó bá ti gbọ́ fèrè olówó rẹ̀, yóò sáré títí yóò fi ṣubú. Nítorí náà, olówó rẹ̀ ni kó mọ ìgbà tó yẹ kí a dúró. Ẹ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì dáwọ́ dúró kí ó tó di aago mẹ́wàá. Ẹ gbé omi ajá lọ́tọ̀ pẹ̀lú igbá rẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kó sinmi lábẹ́ igi, kó mu omi, kí èémí rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ tó tún tú u sílẹ̀. Ajá rere tí a fi ọdún méjì kọ́ ṣe iyebíye ju ọ̀yà kan lọ.

BÍ OORU BÁ GBÉ ÈNÌYÀN ṢUBÚ

Orí fífọ́, òòyì, èébì, iṣan tó ń fà, òógùn tó ń ya bí omi: ìwọ̀nyí ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ mú ẹni náà lọ sí ibòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi nu ara rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà mu: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀. Kí ṣíbí náà tẹ́, kí ó má ga.

Bí ó bá wá ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì mú un, tí ó dákú, tí ara rẹ̀ sì gbóná bí iná, ewu ikú ni. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ da omi sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, bí yìnyín bá wà kí ẹ fi sí ọrùn, abíyá àti ìdí itan rẹ̀. Ẹ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ má sì dẹ́kun dída omi sí i títí ọkọ̀ yóò fi dé. Ẹ má da omi sí ẹni tó dákú lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, bí ara bá ti gbóná, ibà la máa ń pè é, a ó sì lọ ra paracetamol. Oògùn yẹn kò lè mú irú ooru yìí wálẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ ló lè ṣe é. Bí ibà bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn oníṣègùn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

BÍ Ó BÁ ṢE AJÁ

Ẹ wo àmì wọ̀nyí: ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìsinmi kò sì dá a dúró, itọ́ tó ki ń dà lẹ́nu rẹ̀, èrìgì rẹ̀ pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń bì tàbí kó máa ṣu omi, ó ń rìn bí ọ̀mùtí, ó wá ṣubú.

Ẹ kọ́kọ́ tu ara rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ síbikíbi. Àwọn kan máa ń wí pé omi tútù yóò pa ajá tí ara rẹ̀ gbóná. Ìbẹ̀rù yìí ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ajá kú lójú olówó wọn tí omi wà nílé. Omi èyíkéyìí tó bá tutù ju ara ajá lọ dára, ìbáà ṣe omi kànga tàbí ti odò. Ẹ dà á sí ọrùn rẹ̀, ikùn rẹ̀ àti àárín itan rẹ̀, kí ẹ máa fẹ́ ẹ. Ẹ ṣọ́ra kí omi má wọ imú rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó mọ́lẹ̀, nítorí aṣọ náà yóò gbóná, yóò sì dí ooru mọ́ ọn lára. Bí ó bá lè mu omi fúnra rẹ̀, ẹ gbé e sún mọ́ ọn. Ẹ má fi ipá rọ ọ́. Nígbà tí èémí rẹ̀ bá ti wálẹ̀, ẹ dáwọ́ omi dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kódà bí ó bá ti dìde. Kíndìnrín tó ti bàjẹ́ lè má fi ara hàn títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.

OORU NI, ÀBÍ DÌGBÒLUGI?

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí ajá bá ń da itọ́ tó sì ń rìn bí ọ̀mùtí lójú pópó, igi àti òkò ni àwọn ọmọ máa ń gbé. Wọn á kígbe pé, "Ajá dìgbòlugi!" Nígbà mìíràn òùngbẹ ló ń pa ẹran Ọlọ́run. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òótọ́ ni wọ́n wí.

Ti ooru sábà máa ń dé lójijì, lẹ́yìn eré tàbí ìdúró pípẹ́ nínú oòrùn, ìtura sì máa ń dé bá a nígbà tí omi bá kan ara rẹ̀. Ti dìgbòlugi kò dúró de oòrùn. Ìwà ajá á yí padà ní ọjọ́ bíi mélòó kan: gbígbó rẹ̀ á yàtọ̀, kò ní lè gbé nǹkan mì, á máa bu ohun tí kò ṣe é jẹ. Ṣùgbọ́n ojú lásán lè tan ènìyàn jẹ. Nítorí náà, bí ajá náà kì í bá ṣe tiyín, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ké sí dókítà ẹran. Bí ó bá jẹ́ tiyín, ẹ dúró lókèèrè da omi sí i, kí ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, tàbí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Bí àìsàn dìgbòlugi bá ti fi ara hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yè é. Ajá tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ déédéé kì í fi irú ìbẹ̀rù yìí sínú agbo ilé. Bí ooru bá mú un, olówó rẹ̀ lè gbà á là láìfòyà.

KÍ OLÚKÚLÙKÙ MỌ IṢẸ́ TIRẸ̀

Iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tí yóò ṣe é. Ẹ pín in lálẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ.

Ní ìdájí, kí ọmọ kan fọ àwo ajá, kó sì pọn omi tuntun sí i. Kí ìyá ilé kún àmù, kó sì gbé ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn àgbà. Ní ọ̀sán gangan, kí ẹni tó bá wà nílé ṣe nǹkan mẹ́ta: kó bu omi fún arúgbó, kó wo ọmọ ọwọ́, kó sì wò bóyá ibòji ti kúrò lórí ajá. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù, kí ọmọkùnrin ilé mú ajá jáde lọ na ẹsẹ̀. Lálẹ́, kí bàbá rí i pé fèrèsé ṣí fún afẹ́fẹ́, pé ẹnikẹ́ni kò sùn láìmu omi.

Bí ẹ bá pín in tán, ẹ jọ bi ara yín léèrè ìbéèrè mẹ́ta yìí: Ta ni nínú ilé wa tí kò lè bèèrè omi? Ta ló ń bù ú fún un nígbà tí àwa yòókù bá lọ sóko àti sọ́jà? Bí ooru bá gbé ẹnìkan ṣubú lọ́la, ṣé omi wà nílé tí a ó dà sí i lára?

Ilé tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣe tán de ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí kò bá lè dáhùn, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi níbi tí ajá wà. Kí ẹ tú okùn náà, kí ẹ mú un lọ sí ibòji, kí ẹ sì gbé omi sí i níwájú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wọ yàrá ìyá àgbà lọ.

Ẹ kú ooru o. Òjò yóò rọ̀ láìpẹ́.